Gọ́ọ̀mù eyín: èyí tí a ń ṣan ásíìdì rẹ̀ àti èyí tí a kì í ṣan

Gọ́ọ̀mù eyín ni ohun tí oníṣègùn eyín fi ń lẹ ohun tí a fi dí ihò eyín mọ́ eyín, irú méjì ló sì wà. Nínú irú àkọ́kọ́, oníṣègùn eyín yóò fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 37 nínú 100, kun déńtìnì, ìyẹn ara eyín tó wà lábẹ́ ìpele òde rẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15, yóò sì fi omi ṣan án. Ásíìdì náà yóò yọ́ èròjà líle ojú déńtìnì débi pé fọ́nrán kólájínì (irú purotéènì kan) nìkan ni yóò kù níbẹ̀, omi ni yóò sì gbé wọn dúró. Ibí yìí gan-an ni ewu wà: bí a bá fi atẹ́gùn gbẹ ẹ́ jù, àwọn fọ́nrán náà yóò wó lu ara wọn bí ewébẹ̀ tó rọ, gọ́ọ̀mù kò sì ní ráyè wọlé, bí omi bá sì pọ̀ jù, gọ́ọ̀mù kò ní le dáadáa.

Irú kejì kò nílò ṣíṣan, nítorí pé èròjà inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ásíìdì. Èyí tó ní 10-MDP, ọ̀kan lára irú èròjà ásíìdì bẹ́ẹ̀, a máa so mọ́ kálísíọ̀mù tó ṣẹ́ kù lára kólájínì. Lórí déńtìnì, òun ni mo fara mọ́. Lórí ẹ́námẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìpele òde eyín tó le, kò lágbára tó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn fi ń kọ́kọ́ fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì kun etí ẹ́námẹ́ẹ̀lì nìkan.