Ibi tí wọ́n ti bá mi tẹ TROOST-EKONG sẹ́yìn jẹ́sì ọmọ mi ní Sùúrùlérè

Ẹni tó bá ń wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ sẹ́yìn jẹ́sì tí kò ní ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ méjì, kó lọ sí Sùúrùlérè. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní pátákó. Tẹ́ ẹ bá ń ti Ojúẹlẹ́gba bọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Stadium, kẹ́ ẹ rìn díẹ̀ lọ síbi tí àwọn tó ń ta bàtà bọ́ọ̀lù pàtẹ sí. Ẹ ó rí tábìlì kan lábẹ́ àǹbùrẹ́là aláwọ̀ ewé àti funfun, ẹ̀rọ ìtẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú kọ́ńténà. Ẹ béèrè ọ̀gá tó ń tẹ nọ́ńbà. Gbogbo àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ irun ni mò ń ṣe, ní Lawanson. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ẹ̀yìn ló ń gbá nílé ìwé rẹ̀, nọ́ńbà 5 ló sì ń wọ̀. Wọn ò fún un bẹ́ẹ̀, òun ló bẹ̀ wọ́n. Ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Ivory Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ló fà á. Ó rí ọkùnrin kan, William Troost-Ekong, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Super Eagles tó ń wọ nọ́ńbà 5, tó dúró lẹ́yìn, tó ń nawọ́, tó ń pariwo sáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n sún síwájú, kí wọ́n sún sẹ́yìn, tí pẹ́nárítì bá sì dé, òun kan náà ló ń rìn lọ gbá a. Ó gbá a sínú àwọ̀n Ivory Coast, ó gbá a sínú àwọ̀n South Africa. Nígbà tó di àṣekágbá, lọ́jọ́ 11 oṣù Kejì, wọ́n gbá kọ́nà, ó fò sókè, ó fi orí kàn án wọlé. Nílé ìwòran tá a wà ní Itire, bẹ́ńṣì kan ṣẹ́ lábẹ́ wa, kò sẹ́ni tó bojú wò ó. Lẹ́yìn náà ni Kessié dá a padà, Haller sì gbá èkejì. Wọ́n na wá ní 2-1. Síbẹ̀, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú gbogbo ìdíje náà. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn! Ọmọ mi kò sùn lóru ọjọ́ yẹn, èmi náà kò sùn.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 2025, ìròyìn jáde pé William Troost-Ekong kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles mọ́. Irun oníbàárà wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ọmọ mi wọlé tòun ti fóònù. "Mọ̀mí, Ekong ti lọ." Àyà mi já, torí bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹni tó kú nílé wa nìyẹn. Ó jókòó sórí àpótí tí mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tó máa lanu, ohun tó sọ ni pé jẹ́sì tí bàbá òun rà fún òun kò ní orúkọ kankan lẹ́yìn, òun sì fẹ́ kí orúkọ Ekong wà níbẹ̀ kí Ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ti Morocco tó bẹ̀rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.

Ẹ̀rù ìtẹ̀ jẹ́sì ń bà mí tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, mo gbé jẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ẹnì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀rọ rẹ̀ gbóná jù, ó jó aṣọ náà. Àmì onígun mẹ́rin dán gbinrin lẹ́yìn rẹ̀ títí dòní, nọ́ńbà tó tẹ̀ sì ti ṣí dànù kí oṣù yẹn tó parí. Owó mi ò dùn mí tó ojú ọmọ náà nígbà tó ń fi èékánná ha ohun tó ṣẹ́kù.

Nígbà tá a dé Stadium lọ́jọ́ Sátidé, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn méje ló wà níwájú wa. Ọ̀gá náà béèrè ohun tí kálukú ń tẹ̀ kó lè mọ èyí tó máa kọ́kọ́ gé. Mẹ́rin nínú wọn ló dáhùn pé Ekong. Ó gbójú sókè. Ó ní nọ́ńbà 9 lòun ń gé ṣáá, Osimhen lárọ̀ọ́, Osimhen lálẹ́, pé oṣù kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó bi òun nípa 5. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọdún mẹ́wàá ni ọkùnrin yìí fi wà lẹ́yìn fún wa, láti 2015. Ó bá wọn gba idẹ ní Olympics Rio ní 2016, ó lọ sí Russia ní 2018. Ní Egypt ní 2019, òun ló gbá góòlù tá a fi na South Africa nígbà tó ku díẹ̀ kí eré parí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló wọ aṣọ yẹn. Ọjọ́ tó ní ó dìgbóṣe la tó wá tò síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tó wáyé níbẹ̀, torí ara ohun tí mo gbádùn ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í ṣe Ekong ló wá tẹ̀ sọ pé àkókò ti tó kó lọ, pé ṣebí òun ló gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé wa ní Bloemfontein ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tá a bá South Africa gbá 1-1, bẹ́ẹ̀ a ò tún wá rí Ife Àgbáyé lọ. Òótọ́ ni pé ó gbá a sílé wa. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Àbúrò, ibo lo wà nígbà tí wọ́n ti Super Eagles mọ́ pápákọ̀ òfuurufú ní Libya?" Ó rán wa létí oṣù Kẹwàá 2024, nígbà tí wọ́n darí ọkọ̀ òfuurufú wọn lọ sí Al Abraq dípò Benghazi. Orí àga ni wọ́n sùn mọ́jú, ebi ń pa wọ́n. Ekong ni kápútéènì. Òun ló kọ ọ́ síta kí gbogbo ayé kà pé àwọn ò ní bá Libya gbá bọ́ọ̀lù náà, wọ́n sì padà sílé lóòótọ́. Àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà padà dá Nàìjíríà láre ní 3-0. "Ẹni tó gbà wá nínú pápá, tó tún gbà wọ́n níta," obìnrin náà wí, ó sì na jẹ́sì rẹ̀ sí ọ̀gá.

Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ti Àgùdá wá, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bá wá tẹ jẹ́sì. Ó nàka sí pápá ìṣeré tó wà lẹ́yìn wa, èyí tó ti di ahoro báyìí. Ó ní òun wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, nígbà tá a na Algeria ní 3-0 nínú àṣekágbá Ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. "Gbogbo yín lẹ mọ Odegbami tó jẹ méjì. Ẹ mọ Muda Lawal tó jẹ ọ̀kan. Ta ló gbé ife sókè?" Ọmọ mi dáhùn pé Christian Chukwu. Bàbá náà dì mọ́ ọn. Ó ní kó máa ka ìyókù: 1994 ní Tunis, ta ni kápútéènì? Keshi. 2013 ní Johannesburg? Yobo. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń gbá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré la ti gba ife yìí, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ló sì ń gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ìdajì wákàtí ló kù fún Ekong kó di ẹnì kẹrin wọn ní Abidjan, kí wọ́n tó dá a padà.

Ó wá kàn wá. Ọ̀gá náà bi ọmọ mi, kò bi èmi: "Ṣé EKONG nìkan ni, àbí gbogbo rẹ̀?" Ọmọ ní gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà mọ́kànlá ni, pẹ̀lú ìlà kékeré àárín, ẹ̀yìn jẹ́sì ọmọdé kò sì fẹ̀. Ẹlòmíì ì bá sọ pé kò lè gbà á, kó gé Troost dànù. Èyí mú téépù, ó wọn èjìká sí èjìká, ó dín lẹ́tà náà kù lórí kọ̀ǹpútà, ó tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ gé e tán, ó jókòó, ó ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ yọ rọ́bà tí wọ́n fi gé lẹ́tà kúrò nínú àwọn O kékeré náà níkọ̀ọ̀kan. Ó ká jẹ́sì sí méjì láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tó ká, kó lè mọ àárín gan-an.

Ohun tó mú ọkàn mi balẹ̀ jù lọ nìyí: kò kù gìrì gbé ẹ̀rọ lé aṣọ. Ó kọ́kọ́ tẹ rọ́bà kékeré kan mọ́ inú etí jẹ́sì nísàlẹ̀, níbi tí ojú ò ní tó, ó fà á wò. Ó ní aṣọ bọ́ọ̀lù kì í fẹ́ iná bíi ti òwú, ó sì dín iná ẹ̀rọ kù. Ó tẹ jẹ́sì náà lásán kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ lè gbẹ. Ó wá to lẹ́tà sí i, ó fi bébà bò ó, ó gbé ẹ̀rọ lé e, ó sì ń kà sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ mi ń bá a kà á. Kò ṣí i lójú ẹsẹ̀, ó dúró kó tutù kó tó bó nàílọ̀n orí rẹ̀. Ó tún fi bébà bò ó, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Nọ́ńbà 5 ló kọ́kọ́ wọ́ díẹ̀ sí apá òsì. Ọmọ mi ló rí i, èmi ò rí i. Ọ̀gá náà kò jiyàn, kò sọ pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó tún iná sí i, ó rọra bó o kúrò, ó gé òmíràn, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e.

Àléébù wà níbẹ̀. A dúró fún wákàtí mẹ́ta ó lé. Kò sí ìjókòó, oòrùn ń pa wá, jẹnẹrétọ̀ sì kú lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń wá epo kiri. Kì í gbé fóònù tó bá ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó ra bẹ́ńṣì méjì pere, pàápàá nítorí àwọn ìyá tó gbé ọmọ àti àwọn àgbàlagbà. Mo sọ fún un lójú ara rẹ̀, ó ní ẹ má bínú, àǹtí.

₦5,500 ni mo san, orúkọ ₦3,500, nọ́ńbà ₦2,000. Àwọn kan nítòsí ń gba ₦4,000 nígbà yẹn. Ní tèmi, ìyàtọ̀ ₦1,500 yẹn tọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ kejì, kí inú rẹ̀ wà níta tá a bá ń fọ̀ ọ́, omi tútù ni kí a lò, kí áyọ́ọ̀nù má sì kan lẹ́tà. A tẹ̀ lé e. A ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà báyìí, ó ti gbá bọ́ọ̀lù nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ti ṣubú lé ẹ̀yìn, kò sí lẹ́tà kan tó gbé etí sókè.

Bàbá rẹ̀ ti wá yọ jẹ́sì 2013 tirẹ̀ jáde láti inú àpótí, ó ní òun fẹ́ YOBO 2. Mo pe ọ̀gá náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó gbé e. Ó ní kí a mú un wá kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, torí Sátidé òun ti kún. Ọjọ́bọ̀ la ó lọ.