Eegun àwọn baba ńlá wa: ká yẹ̀ ẹ́ wò ni àbí ká tètè tún un sin?

Ìbéèrè yìí ò kúrò lẹ́nu èèyàn o: tí wọ́n bá hú eegun àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ṣé káwọn onímọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni àbí ká dá a padà sílẹ̀ kíá?

Ẹ wo New York. Ọdún 1991 ni wọ́n ń kọ́lé ìjọba ní Manhattan tí wọ́n fi bá itẹ́ òkú àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú níbẹ̀, òkú 419 ni wọ́n hú, wọ́n kó wọn lọ sí yunifásítì Howard University kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò, 2003 ni wọ́n tó tún wọn sin nínú pósí tí wọ́n gbẹ́ ní Ghana. Ó pẹ́, ó sì náni lówó. Àmọ́ ohun tí wọ́n rí ò kéré rárá: eyín tí wọ́n gé bí wọ́n ṣe ń gé e nílẹ̀ Áfíríkà, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí lára obìnrin kan, eegun ẹ̀yìn tí ẹrù wúwo ti bà jẹ́, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn dùn mí dọ́kàn.

Ká ní wọ́n sin wọ́n kíá ni, owó á dín, ọkàn aráàlú á balẹ̀, eegun ò ní máa jẹrà nínú páálí, ṣùgbọ́n ìtàn yẹn á sọnù.

Ní Charleston, ìlú kan ní South Carolina ní Amẹ́ríkà, òkú àwọn ọmọ Áfíríkà 36 ni wọ́n rí ní 2013, wọ́n bá aráàlú sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó yẹ DNA wọn (àbùdá inú ara tó ń fi ìran ẹni hàn) wò, wọ́n sì sin wọ́n ní 2019.

Tí kò bá sí àkọsílẹ̀ kankan nípa àwọn òkú náà, táwọn àtọmọdọ́mọ wọn sì gbà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ dá ọjọ́ ìsìnkú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí sàréè ò tíì dàrú, ẹ bò ó, kẹ́ ẹ fi òkúta ìrántí síbẹ̀.