Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin ọlọ́jà Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀: ẹ má gba “Analytics ni kò rí i” gbọ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń tajà lórí ìkànnì, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi MoMo ránṣẹ́ sí ẹni tó ní òun á bá yín polówó lórí Google tàbí Facebook. Àwọn kan ń gba owó ìpolówó oṣù kan, wọ́n á wá fi fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí Google Analytics, irinṣẹ́ Google tó ń ka àwọn tó wá sí ìkànnì yín, ẹ ò rí ẹnì kan. Ẹ bi wọ́n, wọ́n ní: “Analytics kì í rí ìpolówó láti Benin.” Irọ́ gbuu ni.

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yẹn wọni létí ni pé èsì ìpolówó máa ń sọnù nínú Analytics lóòótọ́, kódà lọ́wọ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ọ́ nù ṣeé wá rí. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní wákàtí 24 sí 48, torí èsì kì í pé lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fóònù yín, ẹ kọ àdírẹ́sì ojú ìwé tí ìpolówó ń gbé èèyàn lọ, ẹ fi ?gclid=idanwo sí ìdí rẹ̀, kí ẹ ṣí i. Ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lókè nígbà tó bá ṣí tán. Ṣé gclid ṣì wà níbẹ̀? Tó bá ti pòórá, ìkànnì yín ló gé e jù, bóyá níbi tó ti ń gbé èèyàn láti http bọ́ sí https, tàbí láti àdírẹ́sì tí kò ní www sí èyí tó ní in. gclid yìí ni Google fi ń dá ẹni tó ti ìpolówó wá mọ̀. Tó bá já bọ́ lọ́nà, wọ́n lè ka onítọ̀hún mọ́ àwọn tó wá yín rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó kọ́ ìkànnì yín tún un ṣe.

Bí ojú ìwé náà ṣe ṣí sílẹ̀, ẹ wo “Temps réel” nínú Analytics. Ó yẹ kí ẹ rí ara yín níbẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, kódù Analytics tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G- lè má sí lójú ìwé yẹn. Bó bá jẹ́ UA- lẹ bá níbẹ̀, kódù Analytics àtijọ́ nìyẹn, ó ti kú láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2023. Nínú Google Ads, “marquage automatique”, ètò tó ń fi gclid sí link fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kí wọ́n sì so àkáǹtì náà mọ́ Analytics yín.

Ti Facebook yàtọ̀. Analytics kì í ka fbclid, àmì tí Facebook ń fi sí link, ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kọ àmì sí link: utm_source=facebook&utm_medium=paid&utm_campaign=ankara. Lẹ́tà kékeré ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá kọ utm_medium=boost, Organic Social (àwọn tó ti ìkànnì àjọlò wá lọ́fẹ̀ẹ́) ni wọ́n á kà á sí, owó tẹ́ ẹ san kò sì ní hàn.

Iye títẹ̀ àti iye ìbẹ̀wò kì í dọ́gba. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìbẹ̀wò kan ni. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá dúró kò dé rárá. Kí 100 tẹ̀ ẹ́ kí 80 wọlé, kò burú. Kí 3 wọlé, ẹ béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ tún wo fọ́tò wọn dáadáa: “Clics” ti Facebook tí wọ́n kọ “tous” sí lára ka like mọ́ ọn. “Vues de page de destination”, iye ìgbà tí ojú ìwé yín ṣí lóòótọ́, ni kí ẹ béèrè.

Fọ́tò gan-an kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni lè tẹ “Inspecter” nínú Chrome, kó sọ 12 di 12 000, kó ya á, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ sọ pé kí wọ́n fún yín ní àyè láti máa wo àkáǹtì náà. Kò gba ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnikẹ́ni, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́, ẹ dá owó dúró. Ẹ tún wá orúkọ ojú ewé yín nínú Bibliothèque publicitaire ti Facebook: ìpolówó tó bá ń lọ lọ́wọ́ máa ń hàn níbẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí wọ́n bá ní ó ń lọ lórí Facebook tí ẹ ò rí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó má sí ìpolówó kankan.

Tí ẹ bá fún wọn mọ́ra, àwọn míì á ra ìbẹ̀wò èké. Ẹ ó kàn rí èrò rẹpẹtẹ láti Ashburn tàbí Boardman ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńláńlá wà, tí wọn ò lo ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Àmì utm lè wà lára wọn, torí ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́.

Orúkọ yín ni kí àkáǹtì ìpolówó jẹ́, káàdì yín ni kó máa sanwó, ẹ̀yin ni kí ẹ pe òṣìṣẹ́ wọlé, kì í ṣe òun ló ń pè yín. Ẹni tí wọ́n bá ti jẹ owó rẹ̀, kó béèrè rìsíìtì Google tàbí Facebook tí nọ́ńbà àkáǹtì àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Bí wọn ò bá ní, kó tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ MoMo àti gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp láìpa ìkankan rẹ́, kó sì fi sùn CNIN, iléeṣẹ́ ìjọba Benin tó ń ṣèwádìí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì.