Gègé Oníṣẹ́-Ọwọ́ àbí Gègé Iléeṣẹ́ Ńlá: Èwo Ló Yẹ Kí Ará Ìlọrin Náwó Lé?

Ẹni tó bá ń wá gègé oníyíǹkì gidi (fountain pen) lónìí, ojú ọ̀nà méjì ló máa bá pàdé. Ọ̀kan ni gègé àwọn iléeṣẹ́ ńlá: Pilot àti Platinum ní Japan, Lamy àti Pelikan ní Jámánì. Èkejì ni ti àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ tó ń gbẹ́ gègé lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi Edison àti Franklin-Christoph ní Amẹ́ríkà, tàbí Nakaya ní Japan. Ní ti owó, Lamy Safari wà ní nǹkan bí 30 dọ́là. Platinum 3776 àti Pilot Custom 823 wà láàárín 150 sí 350. Ti oníṣẹ́-ọwọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 150, Nakaya sì ń kọjá 500 dáadáa. Owó ìfiránṣẹ́ àti owó aṣọ́bodè ò tíì sí nínú ìyẹn o.

Mo ti lo irú méjèèjì, n ó sì sọ èrò mi láìfi bò. Ẹni tó ń fi gègé kan ṣoṣo kọ Yorùbá àti Lárúbáwá, tàbí tí gègé iléeṣẹ́ kì í bá ọwọ́ rẹ̀ mu, ni owó oníṣẹ́-ọwọ́ tọ́ sí. Àwọn yòókù, kí wọ́n ra Platinum tàbí Pilot, kí ọkàn wọn balẹ̀.

Ẹnu gègé

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-ọwọ́ kì í ṣe ẹnu gègé fúnra wọn. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ JoWo ní Berlin, tàbí lọ́wọ́ Bock, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Heidelberg lọ́dún 1939. JoWo ni Edison àti Franklin-Christoph ń lò, ti Platinum sì ni Nakaya ń lò. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí ẹ san 250 dọ́là lórí gègé tó ní ẹnu irin JoWo, ẹ mọ̀ pé gègé mìíràn tí kò tó ìdajì owó náà lè ní ẹnu kan náà gan-an. Ara gègé àti ọwọ́ ẹni tó ṣe é lẹ ń sanwó lé lórí. Pilot àti Platinum ní tiwọn ń ṣe ẹnu gègé wọn nínú ilé.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wúrà dà yín láàmú. Wúrà 14k jẹ́ ìdá 58.5 nínú ọgọ́rùn-ún, 18k jẹ́ ìdá 75, ṣùgbọ́n ṣóńṣó tó ń kan ìwé kì í ṣe wúrà rárá, irin líle mìíràn ni wọ́n jó mọ́ ọn. Wúrà kì í dípẹtà, ìyẹn dájú. Bóyá ẹnu gègé máa rọ̀ lọ́wọ́ tàbí ó máa le, bí wọ́n ṣe gé e ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹnu irin tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe dáadáa ń kọ̀wé tó dùn mọ́ni.

Ibi tí oníṣẹ́-ọwọ́ ti borí ni pé ẹ lè ní kó lọ ẹnu gègé náà bí ẹ ṣe fẹ́ kó tó fi ránṣẹ́, bí ẹni gbé aṣọ lọ bá télọ̀. Fún ará Ìlọrin, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ wa ló gba ilé kéwú kọjá, tí ọwọ́ wa ti mọ kálàmù àti tàdáwà lórí wàláà kó tó mọ bírò. Nínú ìkọ̀wé Lárúbáwá tó gún régé, ìlà ìbú, irú èyí tó wà nídìí lẹ́tà báà, máa ń nípọn ju ìlà òòró lọ. Ẹnu gègé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní stub, òdìkejì ìyẹn ló ń ṣe: ìlà òòró ló ń mú nípọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní architect ló bá Lárúbáwá mu, nítorí ìlà ìbú lòun ń mú gbòòrò. Ẹ tún rántí pé ọwọ́ ọ̀tún tó ń kọ̀wé láti ọ̀tún sí òsì, ṣe ló ń ti ẹnu gègé síwájú, kì í fà á. Bí igun ẹnu náà bá mú, ó máa họ ìwé. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ náà pé kó kó igun rẹ̀ dànù díẹ̀.

Yorùbá náà ní tirẹ̀. Ẹ mú gègé tó ní ẹnu M (ìwọ̀n àárín) ti Jámánì, kí ẹ fi kọ “ọ̀rọ̀” sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ onílà lásán. Àmì ohùn orí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, àmì ìsàlẹ̀ á tàn wọ ìlà, èèyàn ò sì ní mọ̀ bóyá ọ lẹ kọ àbí o. Ẹnu F (ìwọ̀n tín-ín-rín) ti Japan tín-ín-rín ju F ti Jámánì lọ, àmì wa sì máa ń dúró ketekete lábẹ́ rẹ̀. Lórí èyí, Pilot àti Platinum ló gba iwájú láìsí pé ẹnikẹ́ni lọ ẹnu wọn.

Ọyẹ́ àti oòrùn

Tí ọyẹ́ bá dé láàárín oṣù Ọ̀pẹ sí Èrèlé, yíǹkì ẹnu gègé ló kọ́kọ́ ń gbẹ. Platinum 3776 Century tó jáde lọ́dún 2011 ní ìdérí tí sípíríǹgì ń tẹ̀ mọ́ ẹnu gègé pinpin, iléeṣẹ́ náà sì sọ pé yíǹkì inú rẹ̀ lè tó ọdún méjì kó tó gbẹ. Nílùú wa, kò sí èyí tí mo lè fi wé e. Ti oníṣẹ́-ọwọ́ ò dọ́gba: ìdérí ẹlòmíràn pa dáadáa, tẹlòmíràn ń jò afẹ́fẹ́. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó sanwó.

Ooru náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ fẹ́ràn gègé tí a ń da yíǹkì sínú ikùn rẹ̀ tààrà, tó ń gba nǹkan bíi mílílítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí yíǹkì bá ti lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó gba àyè ibẹ̀ á gbóná lọ́wọ́ yín, á wú, á sì ti yíǹkì jáde sórí ìwé. Ẹ máa rọ ọ́ kún kó tó rí bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ lo ohun ìfayíǹkì kékeré tí kì í gbà tó mílílítà kan. Pilot Custom 823 ní ọ̀nà àbáyọ tirẹ̀: tí ẹ bá ti ìdí rẹ̀ pa, yíǹkì ikùn rẹ̀ ò lè dé ẹnu, ẹ lè gbé e sápò láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, bí ọ̀nà ṣe wù kó gbo mọ́tò tó. Tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé gígùn, ẹ tú ìdí náà díẹ̀.

Ebonite, tí wọ́n fi rọ́bà àti imí-ọjọ́ ṣe, máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ́wọ́, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ike lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn ń sọ dúdú rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀. Celluloid, irú ike àtijọ́ kan, ń gbiná kíákíá, ooru sì lè ká a kò. Kò yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sí gbangba lóṣù Ẹrẹ́nà.

Tó bá bàjẹ́

Ẹnu JoWo ṣeé yí jáde pẹ̀lú ahọ́n tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá já lulẹ̀ tó tẹ̀, ẹnu nìkan lẹ máa rà, ara gègé ò ní í kúrò nílé. Èyí wúlò gan-an fún wa tí ìfiránṣẹ́ wọ́n fún. Oníṣẹ́-ọwọ́ náà sì máa ń dá yín lóhùn fúnra rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bó bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ìdérí tó fọ́ lè má ní àrọ́pò mọ́.

Fún ìwé báǹkì alákàbọ́ọ̀nù, ẹ mú bírò dání. Gègé oníyíǹkì kì í fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Tí ẹ bá ti pinnu lórí ti oníṣẹ́-ọwọ́, ẹ kọ ìlà Yorùbá mẹ́ta tó kún fún àmì, àti ìlà Lárúbáwá mẹ́ta, sórí ìwé tí ẹ ń lò lójoojúmọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ tún ya fọ́tò bí ẹ ṣe ń di gègé mú, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i kó tó mú ẹnu gègé kankan lọ́wọ́. Èyí tó bá ní òun ò nílò fọ́tò, ẹ wá ẹlòmíràn.