Ìfiwéra ètò mẹ́rin fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwòrán tó ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Kétu

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwòrán tó ń rìn, tó sì ń dá ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lóhùn, kò gbọdọ̀ torí òkìkí nìkan ra ètò kọ̀ǹpútà. Ohun méjì ni kó kọ́kọ́ wádìí: ṣé iṣẹ́ tó bá parí yóò ṣí lórí fóònù tí àwọn ará Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ń lò, ṣé yóò sì lè tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́jọ́ tí kò bá sanwó mọ́? Iṣẹ́ kan náà ni mo fi gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò: àwòrán Àkábà Ìdènà, ẹnu odi àtijọ́ ìlú wa, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣí nígbà tí òǹwòran bá fi ìka kàn án.

Adobe Animate lókìkí jù, nítorí òun ni Flash àtijọ́, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 2016. Flash Player, ètò tí a fi ń wo iṣẹ́ Flash, dópin ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2020, nítorí náà ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó bá ní kí ẹ gbé iṣẹ́ jáde ní fáìlì SWF, irú èyí tí Flash Player ń ṣí, kò wúlò mọ́. HTML5 Canvas, irú ìgbéjáde tí ètò ìwo-ìkànnì inú fóònù lè ṣí, ni kí ẹ yàn. Ó dára púpọ̀ fún ẹni tó mọ àwòrán yà, ṣùgbọ́n owó tí à ń san léraléra ni wọ́n fi ń lò ó, èyí tó nira fún ẹni tó jẹ́ pé orí fóònù ni gbogbo owó rẹ̀ wà, tí kò ní káàdì báǹkì. Bí owó bá dáwọ́ dúró, fáìlì tẹ́ ẹ ti fi ọ̀pọ̀ òru ṣe kò ní ṣí nínú rẹ̀ mọ́. Kí ẹ wò ó lójú ìkànnì Adobe bóyá wọ́n ṣì ń tà á fún oníbàárà tuntun. Èmi kò ní gba olùbẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó bá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Tumult Hype, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń ra ìyẹn. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì ìgbàsílẹ̀, ẹ ó fa ilẹ̀kùn náà lọ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ètò náà yóò sì ṣe ìrìn tó wà láàárín fúnra rẹ̀. Orí Mac, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Apple, nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti ní Mac, kó rà á. Ẹ má torí rẹ̀ ra Mac.

Scratch, tí MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2007, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní Faransé tí àwọn ọmọ wa fi ń kàwé, a sì lè lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọdé ló yẹ jù, nítorí kì í fúnra rẹ̀ sọ iṣẹ́ di ojúewé tí a lè gbé sórí ìkànnì tiwa.

Google Web Designer ni mo fara mọ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ìpolówó ọjà ni wọ́n dìídì ṣe é fún, nítorí náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí fáìlì tuntun, ojúewé HTML lásán ni kí ẹ yàn. Ẹ gbé abala ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sí ìpele tirẹ̀, ẹ ṣètò ìrìn wọn sórí ìlà àkókò, ẹ fi àṣẹ ìdádúró sí ìbẹ̀rẹ̀ kó má baà dá ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ Tap Area, abala tí a kì í rí tó ń gba ìfọwọ́kàn, lé ilẹ̀kùn, ẹ sì sọ fún un pé bí ìka bá kàn án, kí ìrìn bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò ní fọwọ́ kọ kóòdù kankan. HTML, CSS àti JavaScript, àwọn èdè tí a fi ń ṣe ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì, ló máa ń gbé jáde, tí ẹ lè fi ètò ìkọ̀wé èyíkéyìí ṣí, kódà bí Google bá pa á tì lọ́la. Àléébù rẹ̀ ni pé àwòrán yíyà inú rẹ̀ kò lágbára. Inkscape, ètò àwòrán yíyà tóun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ni kí ẹ fi ya ilẹ̀kùn náà. Ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, kí ẹni tó fowó ra dátà lè rí ilẹ̀kùn náà kó tó sú u láti dúró.