Àyẹ̀wò fáìlì .a: ẹrù àtijọ́ tí Unix ò tíì sọ̀ kalẹ̀

Láti 1971 ni àṣẹ ar ti wà nínú Unix, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó di ọ̀pọ̀ fáìlì .o (kóòdù tí compiler ti túmọ̀ fún ẹ̀rọ) sínú ẹrù kan, tí wọ́n máa ń sọ ní .a. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ láyé ni pé kò ní kọ́lọ́fín kankan. Ẹ tẹ head -c 8 libz.a: !<arch> lẹ máa rí àti ìlà tuntun kan, báìtì 8 géérégé. Àkọlé fáìlì kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ jẹ́ báìtì 60, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ojú ń kà. Páálí .deb tí Debian, ẹ̀yà Linux kan, fi ń pín ètò gan-an, ẹrù ar ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ar t tó ń to orúkọ inú ẹrù, ẹ máa bá debian-binary níwájú.

Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù ni ìgbàgbé. Fáìlì .so (àkójọ kóòdù tí àwọn ètò jọ ń lò nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́) máa ń kọ orúkọ àwọn .so mìíràn tó gbójú lé sára; .a ò kọ nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ máa rò ó fún linker, ètò tó ń so àwọn .o pọ̀ di ètò kan. Linker ń kà láti òsì sí ọ̀tún, .o tí fáìlì tó ti kà ṣáájú ń wá nìkan ló sì ń mú nínú ẹrù. Tí ẹ bá kọ gcc libz.a main.o (gcc ni compiler tó ń pe linker), kò tíì sí fáìlì tó ń wá nǹkan nígbà tó dé libz.a, á rékọjá, “undefined reference” (àṣìṣe pé linker ò rí ohun tí kóòdù ń pè) ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ kọ gcc main.o libz.a, ó parí. Tí ẹrù méjì bá ń wá ara wọn, ẹ há wọn sáàárín -Wl,--start-group àti -Wl,--end-group. Àṣẹ pkg-config --static --libs máa ń dín làálàá yìí kù, bí ẹni tó kọ fáìlì .pc tó ń to àwọn ẹrù tí a nílò ò bá ya ọ̀lẹ.

Ọ̀fìn mìíràn: ar rcs ń fi tuntun rọ́pò ògbólógbòó, ṣùgbọ́n kì í yọ èyí tí ẹ ti pa rẹ́. Ẹ pa parse.c rẹ́, parse.o rẹ̀ ṣì jókòó sínú libfoo.a. Ẹ fi rm -f libfoo.a ṣáájú ar nínú Makefile, fáìlì tó ń to àṣẹ tí a fi ń kọ́ ètò.

Tí wọ́n bá dí ihò ààbò kan nínú OpenSSL (àkójọ kóòdù tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), .so rẹ̀ nìkan lẹ máa pààrọ̀, kí ẹ tún àwọn ètò tó ń lò ó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ .a ni, gbogbo ètò tó ti gbé e mì lẹ máa tún kọ́. Fún server tí ètò pọ̀ lórí rẹ̀, a ò dámọ̀ràn ẹ̀. Fún ètò kan tó máa dá wà nínú container (àpótí tó ya ètò sọ́tọ̀), ó dára gan-an, pàápàá pẹ̀lú musl, ẹ̀yà kékeré libc, àkójọ kóòdù ìpìlẹ̀ fún ètò C. Ti glibc, ẹ̀yà libc tó wọ́pọ̀ jù lórí Linux, ètò tó bá pe getaddrinfo (tó ń wá àdírẹ́sì orúkọ kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ṣì máa wá .so glibc kan náà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, linker á sì kìlọ̀.

Láti glibc 2.34 ti 2021, libpthread.a, ẹrù kóòdù thread (iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò kan), ti ṣófo. Iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ inú libc. Síbẹ̀ wọn ò yọ ọ́, torí Makefile àtijọ́ tó ṣì ń pe -lpthread. Ẹ fi ls -l wò ó: báìtì 8, !<arch> nìkan.