Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún jíìpù háyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ní ó lè gba Gibb River Road

Ẹ̀yin ará wa ní Perth, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Kimberley, agbègbè tó wà lápá àríwá ìpínlẹ̀ Western Australia, ní ìsinmi oṣù keje, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan wà ní Broome tó ń fi jíìpù háyà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa dá irú rẹ̀ mọ̀. Owó tiẹ̀ máa ń kéré sí ti gbogbo ilé iṣẹ́ tó kù, ó máa ní kẹ́ ẹ tètè fi dípọ́sítì ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun, tẹ́ ẹ bá sì ní Gibb River Road (Gibb), ọ̀nà tó gba àárín Kimberley kọjá, lẹ ń lọ, á ní kò séwu, ọkọ̀ òun mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ohun tó sọ fún èmi àti ìyàwó mi lórí fóònù nìyẹn. Ìgbà tówó wọlé tán ni ìwé àdéhùn tó dé: ìnṣọ́ránsì ò kan ojú ọ̀nà tí kò lọ́dà, kò kan omi, kò kan táyà, gíláàsì iwájú àti abẹ́ ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló tún kù tó lè bàjẹ́ ní Gibb?

Àwòrán ló ń tan èèyàn. Lóòótọ́, òkè Cockburn pupa yẹn rẹwà, omi Bell Gorge náà rẹwà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà màlúù ni wọ́n là síbẹ̀ láyé ọdún 1960 sí 1969, kí ọkọ̀ ẹrù lè máa kó ẹran lọ sí èbúté Derby àti Wyndham. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 660, apá kan nìkan ni wọ́n sì ti da ọ̀dà sí. Ìyókù rí gbágungbàgun bíi páànù òrùlé. Ó ń gbọn ọkọ̀ títí tí nọ́ọ̀tù fi ń tú, òkúta ibẹ̀ sì ń ya táyà. Odò Pentecost ò ní afárá, ọ̀nì inú omi iyọ̀ wà níbẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ láti wo bó ṣe jìn tó. Fóònù kì í sábà ṣiṣẹ́. Láti Derby dé Mount Barnett tẹ́ ẹ ti máa rí epo rà, ó tó kìlómítà 300.

"4x4" tó fún wa nílẹ̀ gan-an, kò ga nílẹ̀, kò sì ní jíà kékeré tí wọ́n fi ń sọdá odò. Táyà ya ká tó dé Mount Barnett. Táyà ìpààrọ̀ tó wà ní búùtù jẹ́ tínrín yẹn, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò gbọdọ̀ kọjá 80 ní wákàtí! Ibẹ̀ la ti ṣẹ́rí padà. Nígbà tá a dá ọkọ̀ padà, ó ní òkúta ti ha abẹ́ rẹ̀, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo dípọ́sítì wa. Kò fi fọ́tò kankan hàn wá.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ "Gibb River Road" sínú ìwé àdéhùn kó tó sanwó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Káàdì kírẹ́díìtì ni kẹ́ ẹ fi san, torí báńkì lè bá yín gba owó yín padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi fóònù ya fídíò abẹ́ ọkọ̀ lójú ẹni tó ni ọkọ̀. Táyà ìpààrọ̀ méjì tó tóbi bákan náà pẹ̀lú tẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ má gbà kó dín. Ẹ bi í ta ló máa sanwó ọkọ̀ tó máa wọ́ yín tí ọkọ̀ bá dákú sọ́nà, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lè wọ̀ ọ́. Ojú òpó Main Roads, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà, máa ń sọ bóyá ọ̀nà ṣí; lásìkò òjò, wọ́n máa ń tì í.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ kékeré lẹ ní, Great Northern Highway lọ́dà, ó gba Fitzroy Crossing àti Halls Creek lọ sápá Kununurra.

Mo ti kọ ẹ̀sùn sí Consumer Protection, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ní Perth. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ tiyín náà, kẹ́ ẹ sì fi ìwé àdéhùn yín sí i.